Orúkọ Tí Ó Gúnlẹ̀ ní Àpápá

Ìwé ìdánwò jọ́gíráfì ni Ọmọ́rìnsọ́lá Fáníyì ń máàkì nínú yàrá àwọn olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí ọkùnrin ìmígíréṣọ̀n kan wọlé, tí ó sì béèrè ìyá Mobọ́lájí. Láti Adó ni ọkùnrin náà ti wá, láti ọ́fíìsì tuntun tí òórùn ọ̀dà kò tíì kúrò lára ògiri rẹ̀, nítorí Ìpínlẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ó ní ọkọ̀ òkun kan ń bọ̀ ní Àpápá. Ọ̀gá ọkọ̀ náà ti ránṣẹ́ ṣáájú pé ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ òun tí ó sá pamọ́ sínú ọkọ̀ láti Èkó, tí òun sì ti ń gbé kiri láti èbúté dé èbúté, nítorí pé kò ní ìwé ìrìnnà, kò sì sí ìlú tí ó gbà kí ó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ọmọ náà ní Mobọ́lájí Fáníyì ni orúkọ òun, pé tíṣà ni ìyá òun ní Ìkẹ́rẹ́.

Ọmọ́rìnsọ́lá dìde, ó tún jókòó. Ìbéèrè tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Ta ló sọ pé òótọ́ ni?"

"Ohun tí àwọn ọ̀gá mi l'Ékòó náà ń bi ara wọn nìyẹn, mà," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Wọ́n bi í lórí rédíò ọkọ̀ pé ìpínlẹ̀ wo ni Ìkẹ́rẹ́ wà, ó ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Wọ́n ní ọmọ Ìkẹ́rẹ́ wo ni kò mọ̀ pé Èkìtì lòun? Wọ́n ń fura pé ará orílẹ̀-èdè mìíràn ni, tó kàn fẹ́ fi orúkọ wa wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí òbí rẹ̀ wá fojú rí i. Bí òbí bá jẹ́rìí, ó wọlé. Bí kò bá sí òbí tó jẹ́rìí, ọkọ̀ tó gbé e wá náà ni yóò gbé e padà lọ."

Nígbà tí ọkùnrin náà ti lọ, Ọmọ́rìnsọ́lá ti ìwé ìdánwò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi ara balẹ̀ ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí ó fẹ́ wá àṣìṣe inú àròkọ. Mobọ́lájí, Àkànní rẹ̀, kúrò nílé ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tí ó kọjá, nígbà tí wọ́n ti àwọn yunifásítì pa, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí wọn yóò ṣí i. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dọ̀tun Ògúndélé, ni wọ́n jọ lọ. Ọmọ àgbẹ̀ ni Dọ̀tun, láti àbà kan lẹ́yìn Ẹ̀mùrẹ́. Ìkẹ́rẹ́ ni ó ti kàwé, ilé Ọmọ́rìnsọ́lá ni ó sì ti ń jẹun ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn méjèèjì ní àwọn ń lọ kọ́ iṣẹ́ ní Èkó. Láti ìgbà náà, kò sí ìró. Oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n yọ Èkìtì lára Òǹdó, lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ tán.

Ẹni tí ó bá fẹ́ parọ́ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bá ara rẹ̀ sọ, yóò ti wádìí, yóò sì ti gbọ́ pé Èkìtì ni Ìkẹ́rẹ́ wà báyìí. Ẹni tí ó bá kúrò nílé kí ìpínlẹ̀ náà tó wà, tí kò sì gbúròó ilé mọ́, òun nìkan ni yóò fi gbogbo ẹnu sọ pé Òǹdó ni. Nítorí náà, àṣìṣe tí wọ́n torí rẹ̀ fura sí i gan-an ni ẹ̀rí tí ó gbè é. Ó tún ọ̀rọ̀ náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀, kò rí ibi tí ó ti yẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó sunkún.

Oyèkọ́lá, àbúrò ọkọ rẹ̀ tí ó ti di olóògbé, ni ó bá a lọ sí Èkó. Oko kòkó ni ó ń dá ní Ìgbàrà-Odò, ó sì lóhùn bí ẹni tí ó ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò. Ó dé ní kùtùkùtù pẹ̀lú àpò ìdọ̀họ kan lórí èjìká.

"Ìyàwó, jáde ká lọ! Kí lò ń dì sínú báàgì látàárọ̀ bí ẹni ń lọ Mẹ́kà?"

"Aṣọ ọmọ ni, Ọkọ Kékeré. Kí ló wà nínú àpò tiyín?"

"Uṣu. Ọmọ tó ti fi ọdún kan jẹ búrẹ́dì òyìnbó, kò ní í gbà pé òun ti délé àfi bó bá fojú rí uṣu."

Ọmọ́rìnsọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti dùn mọ́ ọn nínú bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n dé Àpápá, ọkọ̀ náà ti so mọ́ èbúté, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Wọ́n ní kí wọ́n dúró lábẹ́ ìbòòji ilé ìkẹ́rùsí kan. Òórùn kòkó ń jáde láti inú ilé náà, Oyèkọ́lá sì ń fa á símú, ó ní bóyá nínú tòun ló wà níbẹ̀. Àsíá kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan ń fẹ́ lókè ọkọ̀.

"Ìyẹn ńkọ́? Àsíá ìlú wo nìyẹn?"

"Kì í ṣe ti ìlú kankan," ni Ọmọ́rìnsọ́lá wí. Ohùn tí ó fi ń kọ́ ọmọ kíláàsì ni ó gbà sọ ọ́, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́kàn láti ní ohun kan tí ó mọ̀ dájú. "Ọkọ̀ ni ó ń sọ pé, 'Ẹ wá yẹ̀ mí wò.' Bí ọkọ̀ bá ti òkè òkun dé, àwọn dókítà èbúté ni wọ́n ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, láti mọ̀ bóyá àrùn wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò sí, àsíá yẹn á wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìmígíréṣọ̀n á yẹ ènìyàn wò, tí kọ́sítọ́ọ̀mù á yẹ ẹrù wò. Kí àsíá tó wálẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gòkè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀."

"Ṣé pé ọmọ wa wà níbẹ̀ yẹn, àkísà kékeré yẹn ni ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án?"

"Òfin ni."

"Òfin! Ọjọ́ tí o bí i, mi ò rí àsíá kankan lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé gbé e."

Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹnìkan jáde sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lókè lọ́hùn-ún, tí ó sì di irin mú. Wọn kò rí ojú rẹ̀ nítorí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ara rẹ̀ kò ṣeé ṣì mọ̀: jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó gbòòrò ju èjìká rẹ̀ lọ, tí ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ pẹ̀lú awọ dúdú. Ọmọ́rìnsọ́lá ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ awọ náà mọ́ ọn nígbà ayé ọkọ rẹ̀, kí Mobọ́lájí tó jogún rẹ̀.

"Jákẹ́ẹ̀tì bùọ̀dá mi nìyẹn!" Oyèkọ́lá ké. "Ìyàwó, jákẹ́ẹ̀tì bùọ̀dá mi!"

Ọmọ́rìnsọ́lá tú gèlè rẹ̀, ó sì ń fì í sókè bí ọmọdé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹni tí ó wà lókè náà tó gbọ́wọ́ sókè. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó sì tún jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀. Ọmọ́rìnsọ́lá sọ fún ara rẹ̀ pé ebi ni, pé àárẹ̀ òkun ni. Kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ wá ìdí mìíràn.

Oòrùn ti yí sí ìwọ̀ kí àsíá náà tó wálẹ̀. Ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n kan, ọkùnrin Ìjẹ̀bú tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀, wá mú wọn gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ lọ sí yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ti ń jẹun. Ọ̀gá ọkọ̀, òyìnbó arúgbó kan tí ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn, jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ náà wọlé.

Dọ̀tun Ògúndélé ni.

Ọmọ́rìnsọ́lá wo ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ẹlòmíràn ṣì ń bọ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣófo. Ọkàn rẹ̀ tí ó ti kọ́ láti máa to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ kò dá a sí ní wákàtí yìí. Ó tò ó fún un lẹ́sẹẹsẹ. Jákẹ́ẹ̀tì Mobọ́lájí ni. Dọ̀tun ni ó wọ̀ ọ́. Orúkọ Mobọ́lájí ni Dọ̀tun ń jẹ́, kò sì sí ẹni tí ó dìde láti gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàyé tí ó ṣe nípa Òǹdó àti Èkìtì kò yẹ̀ níbì kankan. Ohun tí ó kàn fi hàn ni pé ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ náà kúrò nílé kí ìpínlẹ̀ tó yí padà. Àwọn méjì ni wọ́n sì jọ kúrò nílé.

Oyèkọ́lá la ẹnu. Kí ohùn tó jáde, Ọmọ́rìnsọ́lá ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì fún un débi pé èékánná wọ ọ́ lára.

Dọ̀tun dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí irin ilẹ̀ ọkọ̀. "Mà" ni ó ti máa ń pè é láti ọjọ́ tí ó ti mọ̀ ọ́n. Lónìí, "Màámi" ni ó pè é, bí Mobọ́lájí ti máa ń ṣe. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ kíákíá ní èdè Ìkẹ́rẹ́, Ìkẹ́rẹ́ tí ó jinlẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń sọ̀rọ̀ nínú oko, tí ọmọ Ìjẹ̀bú kò lè bá a dé ibì kankan nínú rẹ̀. Bí a bá fi èdè gbogbogbòò kọ ọ́, ohun tí ó sọ nìyí:

"Màámi, ẹ má pariwo. Omi ló gbé e lọ. Inú ihò tó wà lókè irin tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ la sá sí, kò sí àyè tó gba ẹni méjì dáadáa níbẹ̀. Òtútù ń mú mi, mò ń gbọ̀n, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún mi. Ó ní kí n bọ́ sókè, pé òun máa dúró nísàlẹ̀. Nígbà tí ìgbì dé, mo nawọ́ sí i. Màámi, mo nawọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n wá rí mi, wọ́n bá káàdì ilé-ìwé rẹ̀ nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì, orúkọ tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀rù bà mí. Lẹ́yìn náà mo rò ó pé bí mo bá ní Dọ̀tun ni mí, ta ni wọn yóò wá kàn? Inú àbà ni bàbá mi wà. Tíṣà ni yín, wọ́n lè rí yín. Ẹ dárí jì mí. Mi ò fẹ́ padà sórí omi mọ́."

"Kí ló ń sọ, mà?" ni ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n béèrè. "Èdè yín yìí, ó ju agbára mi lọ o."

"Ó ń tọrọ àforíjì ni," ni Ọmọ́rìnsọ́lá dáhùn. Òótọ́ sì ni.

Ó mí sínú. Ó ní òun fẹ́ bi ọ̀gá náà ní ìbéèrè kan, kí ó má bínú. "Bí ẹ bá rí ọmọ báyìí, tí ó sì jẹ́ pé ọmọ ìlú wa ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ fún yín, tí òbí rẹ̀ kò sì sí níhìn-ín, kí ni òfin sọ?"

"Òfin kò mọ onítọ̀hún nìyẹn, mà. Orúkọ tí ọ̀gá ọkọ̀ fi ránṣẹ́ sí wa nìkan ni a mọ̀. Bí kò bá jẹ́ òun, kò tíì dé nìyẹn. Ọkọ̀ yìí ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ òní, á gbé e lọ."

"A kò lè ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀?"

"Kí wọ́n tó dé, ọkọ̀ ti wà lójú òkun. Kí ló dé, mà? Ṣé kì í ṣe òun ni?"

Oyèkọ́lá tẹ̀ sí etí rẹ̀. Ohùn ńlá rẹ̀ ti di ohùn ẹni tí ó ń ṣàìsàn. Èdè Ìkẹ́rẹ́ ni òun náà fi sọ ọ́.

"Ìyàwó, ronú o. Bí o bá ní ọmọ rẹ ni, Àkànní wa ò kú nìyẹn lójú ìjọba. Ta la máa sọ fún? Kí la máa sin?"

"Mo mọ̀."

"Ọmọ bùọ̀dá mi ni."

"Èmi ni mo bí i, Ọkọ Kékeré. Mo mọ̀."

Ó mọ̀ ọ́n ju bí Oyèkọ́lá ti rò lọ. Bí ó bá sọ òótọ́, òótọ́ náà kò ní í fa ọmọ rẹ̀ jáde nínú omi, yóò kàn ti ọmọ ẹlòmíràn padà sórí rẹ̀. Bí ó bá purọ́, kò ní í sí ibi kankan lórí ilẹ̀ tí a ti lè kọ ọ́ pé Mobọ́lájí Fáníyì ti kú. Ní ilẹ̀ wọn, a kì í fi ibojì ọmọ han ìyá tí ó bí i. Àwọn ará ilé ni wọ́n ń lọ sin ín, tí wọ́n sì ń fi ibẹ̀ pamọ́ fún un. Òkun ti bá wọn pa àṣà náà mọ́. Ohun tí ó kù fún un ni ikú ọmọ rẹ̀, kí òun ní in, kí ó lè máa sọ ọ́ lẹ́nu. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń ní kí ó fi sílẹ̀ níhìn-ín, ní ẹnu ibodè.

Ó wo ọmọ tí ó dojú bolẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì náà ti já ní ẹ̀yìn. Ẹnìkan ti fi okùn ọkọ̀ rán an, kò sì rán an dáadáa.

"Òun ni," ni ó wí. "Ọmọ mi ni."

Ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n kò tíì gbé bírò. Ènìyàn rere ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti rí i pé inú obìnrin yìí kò dùn bí ó ti yẹ. "Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan dá ara mi lójú, mà. Èmi náà Yorùbá ni. Ọmọ, kí ni oríkì rẹ?"

Dọ̀tun gbé ojú sókè. Ní ọjọ́ Sátidé, bí oúnjẹ bá ti jiná, etí rẹ̀ ni Ọmọ́rìnsọ́lá ti máa ń pe oríkì ọmọ rẹ̀ láti ilé ìdáná.

"Àkànní, sà."

"Màmá, ẹ pè é bẹ́ ẹ ti máa ń pè é nílé."

Fèrèsé kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ yàrá náà, omi sì ń dán nínú rẹ̀. Ọmọ́rìnsọ́lá yí ojú kúrò lọ́dọ̀ Dọ̀tun, ó kọ ojú sí fèrèsé.

"Àkànní!"

"Màámi," ni Dọ̀tun dáhùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Àkànní o!" Ó tún pè é, ó pè é pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀, ó pọ̀ ju ohun tí yàrá náà gbà lọ, débi pé ọ̀gá ọkọ̀ fò dìde. Ó dúró, ó ń gbọ́. Dọ̀tun tún dojú bolẹ̀. Oyèkọ́lá ti fi fìlà bo ojú rẹ̀.

Ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n nu ojú rẹ̀, ó sì kọ orúkọ náà sílẹ̀. "Ó ti tó, mà. Ẹ kú oríire. Mobọ́lájí, máa bá màmá rẹ lọ. Má tún dán irú èyí wò mọ́ láyé rẹ."

"Ẹ ṣé, sà."

Ní ẹnu géètì, kọ́sítọ́ọ̀mù kan dá wọn dúró, ó fọwọ́ tẹ àpò ìdọ̀họ Oyèkọ́lá.

"Bàbá, kí lẹ gbé ti inú ọkọ̀ bọ̀?"

"Uṣu ni. Mo gbé e wá láti ulé ni."

"Iṣu? Ẹ gbé iṣu wá sí èbúté?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n máa lọ, ẹ jọ̀ọ́," ni Oyèkọ́lá wí, ohùn rẹ̀ sì gé.

Ọkùnrin náà wo ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi àpò sílẹ̀. Ó bi Ọmọ́rìnsọ́lá bóyá ohun kan wà tí wọ́n ń gbé wọlé tí wọn kò tíì sọ. Ó ní kò sí.

Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n gba ọ̀nà ilé. Nígbà tí wọ́n kọjá Àkúrẹ́, tí wọ́n sì ń sún mọ́ Ìkẹ́rẹ́, Dọ̀tun rí pátákó tuntun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó yíjú padà tẹ̀lé e títí wọ́n fi kọjá rẹ̀.

"Mà," ó wí. Ó ti padà sí orúkọ tí ó ti máa ń pè é tẹ́lẹ̀. "Ìpínlẹ̀ Èkìtì? Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti lọ," ni Oyèkọ́lá dá a lóhùn. "Wọ́n ti pín wa. A ò sí lára Òǹdó mọ́."

Ọmọ́rìnsọ́lá ń wo àpáta Olósùnta tí ó ń yọ lókè igi bọ̀. Ó ń rò ó pé Mobọ́lájí kò gbọ́ orúkọ ìpínlẹ̀ yìí rí. Ọmọ Òǹdó ni ó lọ, ọmọ Òǹdó ni yóò sì wà.

Ó ní kí awakọ̀ má dúró ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀mùrẹ́ ni ó ní kí ó gbé wọn lọ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn dé àbà. Ìyá Dọ̀tun ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Ó gbójú sókè, ọ̀bẹ bọ́, ó sì sáré pàdé ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹrọ̀fọ̀ ẹ̀gẹ́ kún. Ó fi ọwọ́ náà di ojú rẹ̀ mú, ó gbọ̀n ọ́n, ó lù ú léjìká, ó tún fà á mọ́ra. Ariwo rẹ̀ gba gbogbo oko. Nígbà tí ó ṣe, ó kúnlẹ̀ níwájú Ọmọ́rìnsọ́lá, ó ń dúpẹ́, ó sì ń wo ọ̀nà lẹ́yìn wọn.

"Tìyín ńkọ́, tíṣà? Mobọ́lájí dà? Ṣé ó ti ṣáájú lọ sí ulé ni?"

Dọ̀tun bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà. Ó bọ́ ọ pẹ̀lú ìṣọ́ra, ó ká a, ó sì gbé e lé Ọmọ́rìnsọ́lá lọ́wọ́. Ó wúwo ju bí ó ti rántí rẹ̀ lọ, òórùn iyọ̀ sì wà lára rẹ̀.

"Ó ti wọlé," ni Ọmọ́rìnsọ́lá wí. "Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Àpápá pé ó ti wọlé."

Ó fi jákẹ́ẹ̀tì náà sí àyà, ó yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ sí ojú títì.